Sítáǹpù ṣílè márùn-ún kan náà, eyín etí rẹ̀ ò dọ́gba: báwo lẹ ṣe ń kọ irú èyí sílẹ̀?

AkínKubwa · Sátidé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà. Iṣẹ́ réluwé ni bàbá mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mínà ni wọ́n wà kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Kàdúná. Nígbà tí wọ́n papòdà, álúbọ́ọ̀mù sítáǹpù mẹ́ta la bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi aṣọ òfì wé e dáadáa. Èmi ni wọ́n kó o fún, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní bébà lásán ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ́ sínú Excel, mo sì ti dé ìlà 412.

Ibi tó ti sú mi rèé. Sítáǹpù ṣílè márùn-ún ayé King George kẹfà, èyí tó ní àwòrán odò Ọya ní Jẹ́bà, tó jẹ́ dúdú àti àwọ̀ ọsàn. Mẹ́fà ni bàbá mi ní. Ohun tí mo kọ ni: "Nàìjíríà, 1938, 5s, Jẹ́bà, 6." Ó tán lójú tèmi. Àfi lálẹ́ àná tí mo tò wọ́n sórí tábìlì, ni mo bá rí i pé eyín etí wọn ò bára mu. Ti àwọn kan ṣù mọ́ra bí eyín òòyà, ti àwọn kan fẹ̀, ọ̀kan sì wà tí eyín òkè rẹ̀ ṣù ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwòrán kan náà, owó kan náà. Ṣé ọ̀kan ni kí n kà á sí, àbí mẹ́rin, àbí mẹ́fà? Ṣé gbogbo ìlà 412 yìí ni mo máa padà sí? Ẹ gbà mí o.

TíṣàZaria · 8:47 àárọ̀

Akin, bàbá rẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ kì í tọ́jú mẹ́fà.

Oríṣi eyín mẹ́rin ni sítáǹpù yẹn ní: 13×11½, 13½, 14 àti 12. Ṣílè méjì àbọ̀ tí wọ́n jọ jáde, èyí tó ní àwòrán ọ̀nà Victoria sí Buea, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Iye ihò tí ẹ̀rọ lu sí etí, tó bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì, ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà méjì, ti òkè ló ń ṣáájú, ti ẹ̀gbẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, èyí tí o ní eyín òkè rẹ̀ ṣù ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, mo fura pé 13×11½ ni, ìyẹn irú èyí tó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ń tún sítáǹpù náà tẹ̀ léraléra nígbà ogun àti lẹ́yìn ogun, ẹ̀rọ tó ń lu ihò kò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ: ìlà mẹ́fà. Sítáǹpù kan, ìlà kan. Bí méjì bá tilẹ̀ jọra bí ìbejì, ìlà méjì ni.

Dàmọ́lá_KN · 9:05 àárọ̀

Tíṣà, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ jàre. Ní Sábọ́n Gàrí níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà Stanley Gibbons, kátálọ́ọ̀gì sítáǹpù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa bi mí. 59, 59a, 59b, 59c, oríṣi eyín kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó parí. Kí ni ìlà mẹ́fà ń ṣe nígbà tí èèyàn lè kọ "59b, mẹ́ta" kó sì lọ jẹun?

TíṣàZaria · 9:33 àárọ̀

> "59b, mẹ́ta" kó sì lọ jẹun

Dàmọ́lá, ìwọ ń tà, Akin ń tọ́jú. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Stanley Gibbons, mo fi kọ nǹkan bí ìlà 150. Ọ̀rẹ́ yìí wá rìnrìn àjò, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ. Mo rí Scott ti àwọn ará Amẹ́ríkà yá níbòmíràn, mo bá fi ń bá a lọ. Nọ́ńbà wọn kì í sábà bára mu, èmi ò sì kọ ọ́ síbì kankan pé níbí ni mo ti pààrọ̀ ìwé. Títí di òní, bí mo bá rí "64" nínú ìwé mi, mi ò mọ ẹni tó ni 64 náà. Ká ní mo kọ "eyín 14, dúdú àti ọsàn, òǹtẹ̀ Zaria" ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì èyíkéyìí. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ ṣáájú. Nọ́ńbà, àyálò ni. Tí o bá sì máa kọ ọ́, kọ orúkọ kátálọ́ọ̀gì àti ọdún tí ẹ̀dà yẹn jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Karu · 10:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Akin, ẹ pẹ̀lẹ́ nípa bàbá.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà ni mo fara mọ́. Bí tèmi ṣe rí rèé, ẹ mú èyí tó bá yín lára mu. Gbogbo sítáǹpù ló ní nọ́ńbà tèmi, láti 0001 lọ, nọ́ńbà yẹn kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Ọ̀gá ohun tó mú kí n pẹ́ ni pé níbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí nọ́ńbà náà máa sọ̀rọ̀: NG-38-5S-14-A. Ọjọ́ tí mo rí i pé eyín tí mo pè ní 14 jẹ́ 13½, orúkọ sítáǹpù náà di irọ́, mo sì ti kọ ọ́ sí ibi mẹ́ta. Ẹ lo 0001.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ìwé àti ìlà tó wà nínú álúbọ́ọ̀mù, torí kí ni èrè pé mo mọ̀ pé mo ní in tí mi ò bá rí i? Lẹ́yìn náà ni owó orí rẹ̀, eyín òkè, eyín ẹ̀gbẹ́, àmì inú bébà (èyí tí wọ́n ṣe mọ́ bébà náà fúnra rẹ̀, tí kì í hàn lójú lásán), bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ibi tí mo ti rí i. Nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gì ló kẹ́yìn pátápátá. Ti àwọ̀, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́. Àwọ̀ tí mo rí lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni mo ń rí lójú ọ̀sán.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì: ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófo. "Kò ní" yàtọ̀ sí "mi ò tíì wò ó." Mo ní bí ìlà 80 tí àmì inú bébà rẹ̀ ṣófo. Ṣé mo wò ó tí mi ò rí nǹkan kan ni, àbí mi ò wò ó rárá? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo tún yọ síta lẹ́ẹ̀kan sí i. Báyìí, "0" ni mo ń kọ fún kò ní, "?" fún mi ò tíì wò ó.

AlámùJos · 11:02 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, mo ti jí ọgbọ́n "?" yẹn.

Akin, bí àwọn George karùn-ún bá wà nínú ẹrù bàbá yín, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 lẹ́yìn tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ẹ fi ara balẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àmì inú bébà wọn jẹ́ oríṣi méjì. Ti àkọ́kọ́, adé àti lẹ́tà CA (ìyẹn Crown Agents, àwọn tó ń bá ìjọba amúnisìn ṣètò sítáǹpù) tó dúró ṣánṣán bíi ti ìwé ìròyìn. Èyí tó jáde láti 1921, CA náà ni, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èèyàn fi ọwọ́ kọ ọ́, ó yí kọ́rọ́kọ́rọ́.

Ẹ tún wo ìlà nípọn tó ṣìkejì lábẹ́ orúkọ NIGERIA, níbi tó ti sún mọ́ adé. Nínú oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Die I, wọ́n gé orí ìlà yẹn ní dídàgẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ lé ara adé. Nínú Die II, wọ́n gé e kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé iṣu. Ẹ ò lè rí i láìsí awò. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan láti aago mẹ́jọ, nígbà tí mo máa gbójú sókè, aago méjìlá ti kọjá, ìyàwó mi ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta pálọ̀.

Àṣìṣe mi ni mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́gbọ́n: mo rẹ sísì aláwọ̀ elésè-àlùkò sínú omi kí n lè yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá omi lọ. Àwọn ọ̀gá tó ń tẹ sítáǹpù mọ̀ọ́mọ̀ lo yíǹkì tí kò fara da omi, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ òǹtẹ̀ kúrò kó tún lò ó. Èmi tí mi ò jí nǹkan kan náà fara gbá a.

AkínKubwa · 11:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alámù, báwo lẹ ṣe ń rí àmì inú bébà yẹn gan-an? Mo gbé e sókè sí fèrèsé, mi ò rí nǹkan kan.

AlámùJos · 11:41 àárọ̀

Nígbà mìíràn fèrèsé tó. Tí kò bá tó, ẹ da ojú sítáǹpù délẹ̀ sínú àwo dúdú kékeré, ẹ kán bẹnsíìnì láítà (èyí tí wọ́n ń rọ sínú láítà sìgá) lé e. Ibi tí àmì wà máa ṣókùnkùn bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà ó máa gbẹ, kò sì ní bá góòmù jà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é sí gbogbo ohun tí ẹ bá rí. Àwọn kan wà tí wọ́n tẹ̀ ní photogravure, ọ̀nà ìtẹ̀wé kan, tí bẹnsíìnì ń ba àwọ̀ wọn jẹ́.

Ẹ sì jọ̀ọ́, bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má tan àbẹ́là sún mọ́ ọn.

BàbáRéluwé · 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí.

Akin, èmi náà ṣe réluwé ní Kàdúná. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ eyín, ẹ ń sọ̀rọ̀ àmì, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó wà lójú sítáǹpù náà. Ìlú wo ló wà nínú òǹtẹ̀ rẹ̀? Ẹni tó wà ní Mínà láyé ìjọ́un, gbogbo lẹ́tà ojú irin ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Zungeru, Jẹ́bà, Záríà. Zungeru tí ẹ ń wò yẹn ni olú ìlú Àríwá kí wọ́n tó kó o lọ sí Kàdúná. Àríwá sì ní sítáǹpù tirẹ̀ láti 1900 títí di 1913, NORTHERN NIGERIA ni wọ́n kọ sí i. Bí o bá rí irú ìyẹn, má fọwọ́ kàn án kí o tó fọwọ́.

Òǹtẹ̀ tún máa ń tú àṣírí. Ká ní kátálọ́ọ̀gì rẹ sọ pé oríṣi eyín báyìí jáde ní 1949, tí o sì rí 1941 lójú òǹtẹ̀ rẹ̀, ìwọ lo wọ̀n ọ́n ṣì. Tàbí ẹnì kan fẹ́ rẹ́ ọ jẹ.

Má sì ṣe ohun tí mo ṣe. Láti lè mọ èyí tó jẹ́ èwo, mo fi báírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọgọ́rin ọdún ni mo ti pé, mo ṣì ń kábàámọ̀ báírò yẹn.

Dàmọ́lá_KN · 12:40 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Mo gbà nípa òǹtẹ̀ o, òǹtẹ̀ Zungeru tó hàn kedere, owó ni.

Jẹ́ kí n fi tèmi kún un kí wọ́n má baà sọ pé ọlọ́jà ni mi lásán. Àwọn ẹranko 1965 sí 1966, tí kìnnìún wà lórí eépìnnì, ẹkùn wà lórí kọ́bọ̀ mẹ́rin (pẹ́nì ayé ìjọ́un), àgùnfọn lórí ṣílè márùn-ún. Òyìnbó ló kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tiwa, Nigerian Security Printing and Minting, tún wọn tẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá: ẹ máa rí "N.S.P. & M. Co. Ltd" lára àwọn kan, lára àwọn mìíràn ẹ ò ní rí i. Èèyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń mú wọn wá fún mi kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Èmi náà kì í sọ fún gbogbo wọn.

Ìyá_Ìbejì_Karu · 12:52 ọ̀sán

Dàmọ́lá! Ẹ gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde.

Dàmọ́lá_KN · 12:55 ọ̀sán

Mo ń ṣeré ni mà 😄

TíṣàZaria · 1:30 ọ̀sán

Kò ṣeré.

Àwọn tó wà láti 1973 nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá Yankari, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ọdún ẹja Argungu, àti àwọn ẹbí wọn mìíràn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà tẹ̀ wọ́n, litho àti photogravure, àwòrán kan náà. Má wo àwòrán, wo etí lẹ́tà lábẹ́ awò. Ti litho, etí lẹ́tà gún régé. Ti photogravure, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi tò-ń-tò kékeré ṣe, títí kan lẹ́tà, etí rẹ̀ sì rí jágajàga bí ẹnu ayùn. Bí o bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, o ò tún ní ṣì í mọ́.

Akin, o ò ní padà sí gbogbo 412 lẹ́ẹ̀kan náà. Fi "?" kún àwọn àyè tuntun, kí o máa pa wọ́n rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí Jẹ́bà mẹ́fà yẹn.

AkínKubwa · Àìkú, 7:48 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣe é. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n: mẹ́ta jẹ́ 13½, ọ̀kan 12, ọ̀kan 13×11½. Ti ìkẹfà kò yé mi. Òkè 14, ìsàlẹ̀ 14, ẹ̀gbẹ́ òsì 14, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bíi 12, àwọn ihò rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn náà ló sún mọ́ àwòrán jù.

Mo mú tẹlifóònù ya gbogbo wọn, mo máa fi ránṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.

TíṣàZaria · 8:10 alẹ́

Rúlà wo? Rúlà ọmọ ilé ìwé?

Láàárín 13½ àti 14, ààbọ̀ ihò péré ni nínú sẹ̀ǹtímítà méjì. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti etí ihò dípò àárín rẹ̀, o ti pàdánù ààbọ̀ yẹn. Mi ò gba 13½ mẹ́ta gbọ́. Fọ́tò tẹlifóònù kò sì lè yanjú rẹ̀, torí bí o bá tẹ tẹlifóònù síwá díẹ̀, àwòrán fẹ̀ sí i. Lo ike tí wọ́n fi ń wọn eyín. Àwọn tò-ń-tò ti wà lára rẹ̀, o kàn máa fà á gba ara sítáǹpù títí ihò àti tò-ń-tò yóò fi bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ti ìkẹfà, kọ ohun tí o rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Má pè é ní orúkọ kankan.

Dàmọ́lá_KN · 8:22 alẹ́

Ẹ̀gbẹ́ kan tó yàtọ̀, tó sún mọ́ àwòrán? Wọ́n ti gé etí rẹ̀ kúrò, wọ́n sì lu ihò tuntun sí i. Etí rẹ̀ á ti bàjẹ́, ẹnì kan wá "tún un ṣe." Mo rí irú rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn kan ń gé gbogbo eyín kúrò, kí wọ́n lè sọ pé ẹ̀rọ gbàgbé láti lu ihò sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra aláìléyín àfi tó bá jẹ́ méjì tó ṣì so pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Karu · 8:35 alẹ́

Akin, mo ní ike méjì. Mo máa kọjá ní Wuse lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí iṣẹ́, ẹ wá gbà á. Ẹ mú ẹ̀mú ẹnu pẹlẹbẹ dání o, ẹ má fi ọwọ́ mú sítáǹpù nígbà ọyẹ́ yìí. Góòmù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, á ká kò bí ewé gbígbẹ, tí ẹ bá fi ipá tẹ́ ẹ, á sán.

AkínKubwa · Ọjọ́rú, 9:16 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á san án fún yín.

Tíṣà jàre. Mẹ́ta tí mo pè ní 13½, méjì jẹ́ 14. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ 13½ lóòótọ́. Èyí tí mo pè ní 12, 12 ló jẹ́. 13×11½ náà dúró. Nítorí náà, oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé lọ́wọ́ bàbá mi, pẹ̀lú ìkejì 14 kan àti aláìsàn kan. Wọ́n ti di 0412 títí dé 0417, ìlà mẹ́fà. Lójú ìlà 0417, ohun tí mo kọ ni: "òkè 14, ìsàlẹ̀ 14, òsì 14, ọ̀tún kò dọ́gba, ó sún mọ́ àwòrán. Kátálọ́ọ̀gì: ?"

Bàbá Réluwé, mo wo òǹtẹ̀ bí ẹ ṣe ní. Mẹ́ta ni mi ò rí kà. Ọ̀kan jẹ́ Kàdúná, ọ̀kan Kánò. Ti aláìsàn yẹn, MINNA ló wà lára rẹ̀, ó hàn ketekete, oṣù tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà gan-an. Ẹni tó bá gé etí rẹ̀ tó sì lu ihò tuntun sí i, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ṣì wà nílé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì bá ihò yẹn mu.

BàbáRéluwé · 9:40 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí. Kọ ìyẹn náà sí i.

Dàmọ́lá_KN · 9:52 alẹ́

Akin, èló ni ìkejì 14 yẹn?

AkínKubwa · 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ tán ná.